Dọ́là tí kò ríbi ná: bí iṣẹ́ inú cruise ship ṣe rí gan-an

Ẹ̀yin náà ti rí irú fídíò yẹn rí. Bọ̀bọ́ kan á wọ yunifọ́ọ̀mù funfun, á dúró sórí ọkọ̀ tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, òkun ẹ̀yìn ẹ̀ á búlúù bí ẹni da aró sí i, á wá kọ ọ́ sára fídíò ọ̀hún pé oúnjẹ ọ̀fẹ́, ilé ọ̀fẹ́, owó dọ́là. Kí ẹ tó ṣẹ́jú péú, èèyàn ti pọ̀ lábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń bèèrè pé ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe ń wọbẹ̀? Èmi náà bèèrè nígbà kan. Ọmọ àbúrò bàbá mi wà níbẹ̀, ó ti ṣe kọntiráàtì méjì nídìí báà nínú cruise ship, ìyẹn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá, kan tó ń yí ká òkun Mẹditaréníà, nígbà tí mo bi í pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń jayé báyẹn, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní bọ̀dá mi, cruise tí ẹ̀ ń wí yẹn, àwọn tó sanwó ló ń catch ẹ̀, àwa là ń kó àwo ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ọkọ̀ yìí ṣe tóbi tó, torí ẹni tó jẹ́ pé férì Ìkòròdú ló mọ̀, ó lè má tètè yé e. Ọkọ̀ Icon of the Seas tí iléeṣẹ́ Royal Caribbean ní, tí wọ́n kàn ní Turku lórílẹ̀-èdè Fínláǹdì, tó gbéra ìrìnàjò àkọ́kọ́ láti Miami ní January 27, 2024, ó lè gba èrò tó 7,600 bí gbogbo bẹ́ẹ̀dì bá kún, òṣìṣẹ́ inú ẹ̀ wá jẹ́ 2,350. Ẹ ro ó pọ̀, ó ku àádọ́ta péré kó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn lórí irin kan ṣoṣo láàárín agbami. Gbogbo wọn á jẹun, wọ́n á ṣu, wọ́n á tọ̀, wọ́n á fẹ́ aṣọ ìnura tó mọ́, wọ́n á fẹ́ mu ọtí, ọmọ wọn á bì sórí kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ gan-an àti àwọn tó wà nídìí ẹ́ńjìnì kéré nínú òṣìṣẹ́ yẹn, hòtẹ́ẹ̀lì tó ń léfòó ni ìyókù: kúùkù, wéétà, àwọn tó ń fọ aṣọ, àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, olórin, dáńsà, nọ́ọ̀sì, sìkíọ́rítì, àwọn tó ń pín káàdì ní kasínò.

Ipò mẹ́ta ni wọ́n sì pín wọn sí, èyí ni fídíò kì í sọ. Àwọn ọ́fíìsà wà lókè, tí wọ́n lè dá yàrá gbé, tí wọ́n lè bá èrò jókòó nílé oúnjẹ. Àwọn tí wọ́n ń pè ní staff tẹ̀ lé wọn, ìyẹn àwọn olórin, àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé, àwọn tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lómìnira díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pè ní crew ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn ló sì pọ̀ jù, àwọn yìí kò gbọ́dọ̀ ṣèèṣì rìn gba ibi tí èrò wà kọjá bí wọn ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Bọ̀bọ́ tó ń jó lórí dẹ́kì nínú fídíò yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ dáńsà. Ẹni tó ń gé àlùbọ́sà ní kíṣìnì kò ríbi dúró sí ya irú fídíò yẹn.

Nísàlẹ̀ ibi tí èrò ń rìn, kọrídọ̀ gígùn kan wà tó gba inú ọkọ̀ kọjá látiwájú dẹ́yìn. I-95 lorúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń pè é, orúkọ títì márosẹ̀ tó gba etíkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà kọjá. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń gbà: àpótí ànàmọ́, àpò ìdọ̀tí, báàgì èrò, àwọn wéétà tó ń sáré tí wọ́n ń so táì lọ́nà. Àbúrò mi fi fídíò pè mí lọ́jọ́ kan ó ní kí n wá wo ilé òun. Ó dúró láàárín yàrá, ó na ọwọ́ méjèèjì, ìka ẹ̀ kan ògiri lọ́tùn-ún, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù lósì. Bẹ́ẹ̀dì méjì, ọ̀kan lórí èkejì, tòun ni ti òkè torí ọmọ Indonéṣíà tó bá níbẹ̀ ti gba ìsàlẹ̀. Kọ́tìnì kékeré kan ló wà lára bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, tí o bá ti fà á báyìí, ìwọ nìkan ló wà láyé nìyẹn, ibi tó ń dá wà kò ju ibẹ̀ lọ fún odidi oṣù mẹ́jọ. Kò sí fèrèsé. Abẹ́ omi ni wọ́n wà, ó ní tí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró ní èbúté lówùúrọ̀, ariwo ẹ́ńjìnì tó ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń jí òun, kì í ṣe àláàmù. Ilé ìwẹ̀ ńkọ́? Ó ní bí o bá ń wẹ̀, ike tí wọ́n fi ń dí omi yẹn á lẹ̀ mọ́ ọ nídìí, ìwọ àti ẹ̀ á jọ máa jà.

Àwọn òfin tó wà níbẹ̀ wá ńkọ́. Òfin wà o. Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí iṣẹ́ ojú omi tí wọ́n ń pè ní MLC, ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ló ṣe é ní Geneva ní 2006, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní August 2013, Nàìjíríà náà sì fọwọ́ sí i lọ́dún yẹn. Ó fẹnu sọ pé wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ àti ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ ìwọ̀n iṣẹ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójú omi bíi ti gbogbo òṣìṣẹ́, èyí dáa létí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kà á síwájú, ó ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan nínú méjì: yálà kí iṣẹ́ má ju wákàtí 14 lọ nínú 24 kó má sì ju 72 lọ lọ́sẹ̀, tàbí kí ìsinmi má dín ní wákàtí 10 nínú 24 kó má sì dín ní 77 lọ́sẹ̀. Ẹ gbé bírò. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ẹ yọ 77 kúrò, ó ku 91. Ìyẹn ni pé ibi tí wọ́n bá ti mú ọ̀nà kejì, wọ́n lè lo èèyàn fún wákàtí 91 lọ́sẹ̀ kan, kí wọ́n sì fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ò rú òfin kankan. Wákàtí mẹ́wàá tí wọ́n ní kó sinmi yẹn náà, wọ́n lè gé e sí méjì, bí apá kan ẹ̀ bá ṣáà ti tó wákàtí mẹ́fà. Mẹ́fà yẹn lo máa fi wẹ̀, tí o máa fi pe ìyá ẹ, tí o máa fi sùn.

Ní ti gidi, wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá lójúmọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn tó wà ní kíṣìnì, ilé oúnjẹ àti yàrá èrò ń ṣe, ọjọ́ méje lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Kò sí Sátidé, kò sí Sọ́ńdè, kò sí Iléyá, kò sí Kérésì. Àwọn ọ́fíìsà ń ṣe oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó lọ sinmi. Kọntiráàtì bá parí, wàá lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, fún ọ̀pọ̀ èèyàn kò sí owó oṣù láàárín ìgbà yẹn, bí kọntiráàtì tuntun ò bá sì tètè dé, o di ẹni tó ń wo fóònù.

Ọjọ́ tó le jù ni ọjọ́ tí èrò ń sọ̀ kalẹ̀ tí èrò tuntun ń wọlé. Láàárọ̀ kùtù, nǹkan bí aago méje, àwọn ti àná á bẹ̀rẹ̀ sí í fa báàgì jáde. Tó bá máa fi di ọ̀sán, àwọn tuntun ti ń gun orí ọkọ̀, wọ́n ti dé fìlà, ebi ti ń pa wọ́n. Láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn, ẹni tó ń tọ́jú yàrá á tú bẹ́ẹ̀dì yàrá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á tẹ́ ẹ padà, á fọ ilé ìwẹ̀, á nu dígí, á wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bóyá ẹnì kan gbàgbé bàtà, á sì tún ṣe ẹ̀rín sí gbogbo ẹni tó bá pàdé ní kọrídọ̀. Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n á tún lu aago pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá fi ibi tí ọkọ̀ ìsádi (ọkọ̀ kékeré tí èèyàn ń sá wọ̀ bí ewu bá dé) wà han èrò. Àbúrò mi ní ọjọ́ yẹn lòun ń mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn lè máa dá sọ̀rọ̀.

Wákàtí iṣẹ́ tí òfin ń kà yẹn náà, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, òṣìṣẹ́ á fi káàdì ẹ̀ wọlé, á fi jáde, torí àwọn ayẹ̀wé lè wọ ọkọ̀ nígbàkigbà láti wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Níbi tí àbúrò mi ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ (mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́), súpáfáísọ̀ á wò ó pé wákàtí ọmọ ti fẹ́ kún, á ní lọ fi káàdì ẹ jáde, kí o sì padà wá bá mi nu gíláàsì. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn kàn mọ̀ pé súpáfáísọ̀ yẹn ló máa kọ̀wé pé kí wọ́n pè ọ́ padà tàbí kí wọ́n má pè ọ́. Nínú ìwé, ọmọ ń sùn. Ní báà, ọmọ ń nu gíláàsì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ohun tí gbogbo wa wá gbọ́ nìyẹn. Ká ní ẹnì kan ń gba 1,000 dọ́là lóṣù, tó ń ṣe wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Wákàtí 300 nìyẹn, dọ́là mẹ́ta lé díẹ̀ ni wákàtí kan já sí. Lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ọkọ̀ yẹn ti ń gbéra, òfin ìjọba àpapọ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ san kéré sí dọ́là 7 àti sẹ́ńtì 25 fún wákàtí kan, iye yẹn náà kò tíì yí padà láti 2009, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń pariwo pé kò tó gbọ́ bùkátà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé 1,000 dọ́là kan náà wá sí Lagos, níbi tí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 70,000 náírà láti 2024. Ṣé ẹ rí i? Owó kan náà ni, ó jẹ́ ìyà ní Miami, ó jẹ́ oríire ní Lagos. Orí ọgbọ́n yẹn ni gbogbo òwò yìí dúró lé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ kó òṣìṣẹ́ ní Filipini, Íńdíà àti Indonéṣíà tí wọn kì í lọ kó o ní Miami. Àjọ ILO ní iye tó kéré jù tí wọ́n fi lélẹ̀ fún atukọ̀ tó mọṣẹ́, 673 dọ́là lóṣù ni wọ́n gbé e dé ní 2025, atukọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ orí dẹ́kì ni wọ́n sì ní lọ́kàn, kì í ṣe wéétà.

Àwọn wéétà àti àwọn tó ń tọ́jú yàrá, típù ni apá tó pọ̀ nínú owó wọn. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà ṣòwò, iléeṣẹ́ á fi nǹkan bíi dọ́là 16 sí 20 sórí owó èrò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ọmọdé náà kò yọ lára ẹ̀, wọ́n á pè é ní owó ìmọrírì iṣẹ́, wọ́n á kó o jọ pín. Ká máa tanra wa kọ́, owó oṣù ni, èrò ló kàn ń san án dípò ọ̀gá. Èrò sì láṣẹ láti lọ sí káńtà kó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò fóun. Àwọn kan ń ṣe é, ní alẹ́ tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń ká aṣọ ìnura bí ọ̀bọ fún ọmọ wọn fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko.

Báwo ni iléeṣẹ́ tó wà ní Miami, tí ọkọ̀ ẹ̀ ń gbéra ní Miami, tí èrò ẹ̀ jẹ́ ará Amẹ́ríkà ṣe bọ́ lọ́wọ́ òfin iṣẹ́ Amẹ́ríkà? Àsíà ni ìdáhùn. Ọkọ̀ ojú omi, òfin orílẹ̀-èdè tó bá ta àsíà ẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ẹ wo ẹ̀yìn Icon of the Seas, Nassau ni wọ́n kọ síbẹ̀, olú ìlú Bahamas. Iléeṣẹ́ tó ni ín fúnra ẹ̀, Làìbéríà ni wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni o, Làìbéríà tiwa níbí. Àwọn alátakò wọn náà ò yàtọ̀, Carnival lọ forúkọ sílẹ̀ ní Panama, Norwegian lọ sí Bermuda. Ẹgbẹ́ ITF tó jẹ́ àjọ àwọn òṣìṣẹ́ ìrìnnà lágbàáyé ti ń bá àsíà àyálò yìí jà láti 1948, ọkọ̀ ṣì ń lọ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àsíà ń ṣe, ẹ wo ọkọ̀ Pride of America tó ń yí ká Hawaii. Òfin kan ti wà láti 1886 pé ọkọ̀ àjèjì kò gbọ́dọ̀ kó èrò láti èbúté Amẹ́ríkà kan sí òmíràn, torí náà ọkọ̀ yìí ní láti ta àsíà Amẹ́ríkà, bó ṣe ta á báyìí, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ ẹ̀, òfin owó oṣù Amẹ́ríkà ló ń tẹ̀ lé. Iṣẹ́ kan náà, àwo kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà.

Ibi tí àsíà àti kọntiráàtì ti ń dunni jù ni ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ní May 25, 2003, bọ́ílà ńlá tí wọ́n fi ń se omi di ooru nínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Norway, tí iléeṣẹ́ Norwegian ní, bú gbàmù nígbà tó so mọ́ èbúté Miami, òṣìṣẹ́ mẹ́jọ kú. Iléeṣẹ́ náà wá gbà ní kóòtù ní 2008 pé àwọn jẹ̀bi ìwà àìbìkítà, wọ́n san mílíọ̀nù kan dọ́là. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó fara pa àti ẹbí àwọn tó kú gbé ẹjọ́ tiwọn lọ sí kóòtù ní Miami níbẹ̀, lóyà iléeṣẹ́ fa kọntiráàtì yọ, ó ní ẹ wò ó, wọ́n fọwọ́ sí i pé tí ìjà bá dé, Filipini la ti máa lọ jókòó parí ẹ̀. Ní 2005 kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pẹ̀lú iléeṣẹ́. Ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ ní Miami, ọ́fíìsì wà ní Miami, ẹjọ́ lọ sí Manila. Láti ìgbà yẹn, irú gbólóhùn yẹn wà nínú kọntiráàtì ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ó wà nínú ti àbúrò mi náà, ojú ewé kọkànlá, kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ títí èmi fi kà á fún un.

Ọkọ̀ ìsádi gan-an ti pa òṣìṣẹ́, èyí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Ní February 2013, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú ní erékùṣù La Palma nígbà tí okùn irin já lára ọkọ̀ ìsádi Thomson Majesty, ìdánrawò lásán ni wọ́n ń ṣe. Ní September 2016, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Marseille lára Harmony of the Seas, ẹnì kan kú, mẹ́rin fara pa. Èrò kì í sí nínú ọkọ̀ ìsádi tí wọ́n bá ń fi í dánra wò, òṣìṣẹ́ ni.

Kí wá ni adùn ibẹ̀? Adùn wà, mi ò ní parọ́. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ lóòótọ́ ni, òfin MLC ló pa á láṣẹ, omi mímu náà. Dókítà wà nínú ọkọ̀, tí o bá ṣàìsàn lẹ́nu iṣẹ́ àwọn ló máa tọ́jú ẹ. Tí kọntiráàtì bá parí, tí iléeṣẹ́ bá wọ gbèsè, tí ara ẹ kò bá le mọ́, dandan ni kí olówó ọkọ̀ san owó ọkọ̀ òfuurufú tó máa gbé ẹ dé ilé. Báà àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, ọtí ibẹ̀ kò wọ́n rárá, tí ọmọ orílẹ̀-èdè márùnlélógójì bá sì jọ ń jó lẹ́ẹ̀kan náà, àbúrò mi ní àfi kí èèyàn rí i. Ọmọ ìlú ẹni tí wọ́n bá jọ wà nínú ọkọ̀, paisano ni wọ́n ń pè é, èdè Spanish tó ti di ti gbogbo wọn, kódà ọmọ Íńdíà méjì á máa pe ara wọn ní paisano. Ẹni tó bá sì ń gbé Britain tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń lọ òkèèrè, ètò owó orí kan wà fún un, bó bá ti tẹ̀ lé ìlànà ọjọ́ 365 tí wọ́n là sílẹ̀, ó lè má san owó orí kankan lórí owó yẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í pariwo ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, adùn tó tóbi jù kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe ìlú Rome tí wọ́n ń lọ. Pé owó ò ríbi ná ni. Kò sí rẹ́ǹtì, kò sí NEPA, kò sí epo jẹnẹrétọ̀, kò sí dáńfó, kò sí ẹni tó máa kàn ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé òun fẹ́ yá ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Àbúrò mi fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Victoria Island, kò rí kọ́bọ̀ kó jọ, ṣùgbọ́n kọntiráàtì kan péré ló fi ra ilẹ̀ sí Mowe. Nǹkan tó jẹ́ kó rí owó yẹn kó jọ náà ló jẹ́ kó máa sunkún lóru: kò ráyè, kò ríbi lọ, kò rí ẹnì kan. Ìjọba Filipini tiẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n ti sọ ọ́ di dandan láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù atukọ̀ wọn gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sílé fún ẹbí, kó tiẹ̀ tó kàn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ rírí ayé yẹn náà, ẹ gbọ́. Ọkọ̀ á dúró ní èbúté láti aago mẹ́jọ sí márùn-ún. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ àárọ̀ á ṣíwọ́ ní mọ́kànlá, á tún wọlé ní mẹ́rin. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ló kàn án láti dúró sínú ọkọ̀, torí iye òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nítorí iná tàbí ewu, wọn ò ní jẹ́ kó jáde rárá. Bó bá wá jáde, ibi tí wáìfáì wà ló máa kọ́kọ́ wá. Àbúrò mi ti dé Naples ní ìgbà ogún ó lé, ohun tó mọ̀ níbẹ̀ kò ju ilé kọfí kan tó sún mọ́ èbúté lọ àti páásíwọ́ọ̀dù wáìfáì wọn. Nǹkan ti ń yí díẹ̀ níbẹ̀ ṣá, Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wá láti ojú ọ̀run, ti wọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti 2022, àtúnṣe òfin MLC tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December 23, 2024 sì ní kí olówó ọkọ̀ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí íntánẹ́ẹ̀tì lò dé ibi tó bá ṣeé ṣe, owó ẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gani lára. Kí ni kì í gani lára? Wọn ò sọ.

Kòrónà ló tú àṣírí gbogbo ẹ̀. Ní February 2020 wọ́n ti ọkọ̀ ìgbafẹ́ Diamond Princess mọ́lé ní Yokohama, ní Japan, èèyàn 3,711 ló wà nínú ẹ̀, òṣìṣẹ́ wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n ní kí èrò má jáde nínú yàrá, ó dáa, ta ló wá ń gbé oúnjẹ kiri yàrá yẹn? Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sùn méjì méjì nínú yàrá tó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Àrùn náà mú èèyàn 712. Nígbà tí èrò gbogbo àgbáyé ti délé tán, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ṣì ń yí ká ojú òkun fún oṣù pípẹ́, torí èbúté kò gbà wọ́n, ìlú wọn náà ti ẹnubodè, owó oṣù àwọn kan sì ti dúró. Ẹ má sì rò pé Áfíríkà àti Éṣíà nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní March 17, 2022, P&O Ferries tó ń kó èrò láàárín Britain àti Faransé lé òṣìṣẹ́ tó tó 800 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, fídíò tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni wọ́n fi sọ fún wọn, wọ́n sì fi àwọn tí owó wọn kéré rọ́pò wọn. Ọ̀gá wọn jókòó níwájú àwọn aṣòfin, ó gbà pé àwọn mọ̀ pé òfin ní kí àwọn bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn kàn pinnu pé àwọn ò ní ṣe é ni. Òfin owó oṣù tuntun fún irú ọkọ̀ yẹn jáde ní 2023. (P&O Cruises kọ́ o, Carnival ló ni ìyẹn, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀.)

Àwa gan-an kì í ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn bàbá wa tó wọ ọkọ̀ Aureol lọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1951 sí 1974 ní ìtàn wọn, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ Elder Dempster náà ní tiwọn, wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Apapa ní 1959 torí bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n. Lónìí, ọmọ Nàìjíríà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ fíìsà wà níbẹ̀, àìsí ajẹ́ǹtì gidi wà níbẹ̀, ibi tí ajẹ́ǹtì gidi ò bá sì ti sí, gbájúẹ̀ á gba ipò ẹ̀. Wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp, lógò iléeṣẹ́ ńlá á wà lórí ẹ̀, wọ́n á ní o ti yege, 3,500 dọ́là lóṣù fún wéétà tí kò gbé àwo rí, kí o kàn san 250,000 náírà fún ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: òfin MLC kò fàyè gbà á kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ torí pé ó wáṣẹ́ fún un. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè fúnra ẹ̀ san kò ju àyẹ̀wò ara, páàsípọ́ọ̀tù àti ìwé atukọ̀ lọ, kódà olówó ọkọ̀ ló yẹ kó san owó fíìsà. Àjọ NIMASA, ti ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú omi, ló ń fún ajẹ́ǹtì láṣẹ ní Nàìjíríà, ẹ lọ bèèrè níbẹ̀ bóyá wọ́n mọ ẹni tó ń pè yín. Iléeṣẹ́ gidi á fojú kojú bá ẹ sọ̀rọ̀, bó jẹ́ orí fídíò náà ni, wọ́n á bèèrè ibi tí o ti ṣiṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé oúnjẹ rí, wọ́n á gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ẹ, wọ́n á sì ní kí o gba ẹ̀kọ́ ìdáàbòbò tí wọ́n ń pè ní STCW, níbi tí wọ́n ti máa jù ọ́ sínú omi kí o fi bí o ṣe máa gun rọ́bà ìsádi hàn wọ́n. Ẹni tí kò bèèrè ọ̀kankan nínú èyí, tó jẹ́ pé nọ́ńbà àkáǹtì ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Àbúrò mi ń padà lọ lóṣù tó ń bọ̀, kọntiráàtì kẹta, iléeṣẹ́ mìíràn, Barcelona ló ti máa wọ ọkọ̀. A jókòó ka ìwé ẹ̀ pọ̀ lálẹ́ àná, orílẹ̀-èdè wo ló ni àsíà, wákàtí mélòó, típù ta ni, ibo ni wọ́n ti máa dá ẹjọ́. Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun ra gàrí Ìjẹ̀bú kìlò mẹ́ta àti kúlíkúlí, mo ní ṣebí o ní yàrá yẹn kò gba èèyàn méjì, ó ní bọ̀dá mi, lábẹ́ ìrọ̀rí mi ni màá tọ́jú ẹ̀ sí, ẹ ṣáà rà á.